Oògùn Bàbá Sagbo tí Rewájú Dá Dúró

Ẹ̀yin ará, ẹ má ka ìdajì ìtàn yìí kí ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ kà á tán, nítorí ilé tí kò tíì ní arúgbó lónìí yóò ní in lọ́la.

1.
Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí Bàbá Sagbo fi wa ọkọ̀ ojú omi ní Àgbádárìgì, tó ń gbé èrò sọdá ọ̀sà lọ sí etí òkun. Bí kùrukùru bá bo ojú omi, àwọn awakọ̀ yòókù á ní kí Bàbá Sagbo ṣíwájú. Ọkọ̀ rẹ̀ kò dà rí.

Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, dókítà ní àìsàn Pákínsìn ni, èyí tí í mú ara gbọ̀n tí í sì mú un le. Ó fún un ní oògùn tí yóò máa lò ní wákàtí tí òun yàn, láìyẹ̀. Bàbá fúnra rẹ̀ ló ta ọkọ̀ náà kí ó má baà ṣe èrò kankan léṣe. Kò ráhùn.

2.
Ní ọdún keje, àìsàn náà dé orí iyè. Bàbá á jáde, á gbàgbé ọ̀nà ilé. Nígbà mìíràn á rí àwọn ọmọ kéékèèké nínú pálọ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kò sí.

Ẹ wo ọgbọ́n Ìyá Dosi, aya rẹ̀. Kò bá a jiyàn. Bí Bàbá bá ní àwọn ọmọ náà kò tíì jẹun, á ní òun yóò bójú tó wọn, á sì rọra mú un jókòó síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ wákàtí oògùn sára ògiri, kò sì jẹ́ kí ọ̀kan yẹ̀. Ìwé mẹ́fà péré ni obìnrin yìí kà.

3.
Rewájú, ọmọ wọn, ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ìkẹjà. Kì í wálé lóòrèkóòrè, ṣùgbọ́n ó gbọ́n lójú ara rẹ̀. Nígbà tí ìyá rẹ̀ fẹ́ lọ sìnkú ní Àjàṣẹ́, ó wá dúró ti Bàbá fún ọjọ́ mẹ́rin. Ìyá fi ohun tó wà lára ògiri hàn án kí ó tó lọ.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Bàbá bi í pé ọmọ ta ni í ṣe. Ọ̀rọ̀ náà gún un lọ́kàn. Ó ní oògùn ló ń da orí bàbá òun rú. Kò pe dókítà, kò pe ìyá rẹ̀. Ó kó gbogbo oògùn náà pa mọ́.

Nígbà tí Ìyá fi dé, Bàbá ti le gbagidi bí pátákó. Kò lè gbé itọ́ mì, ara rẹ̀ sì gbóná janjan.

“Rewájú, ìgbà wo ni bàbá rẹ lo oògùn kẹ́yìn?”

“Màámi, mo ti dá a dúró. Mo rò pé ó ń da orí wọn rú ni.”

Ìyá kò bá a jà. Ó ní kí ó gbé ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀, òun gbé apá, wọ́n sì gbé e sínú kẹ̀kẹ́, ó di ilé ìwòsàn.

4.
Dókítà Mùínàt ṣàlàyé fún wọn pé àìsàn náà fúnra rẹ̀ lè mú iyè ènìyàn lọ. Lóòótọ́, oògùn kan lè dá kún un, ṣùgbọ́n dókítà ni í dín in kù díẹ̀díẹ̀. Bí a bá dá a dúró lójijì, ó lè pa aláìsàn.

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni wọ́n lò níbẹ̀. Bàbá kò kú, ṣùgbọ́n kò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn mọ́.

Rewájú dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ó ń sunkún.

“O fẹ́ kí ó dá ọ mọ̀,” ni Ìyá wí. “Èmi náà fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ ṣì mọ̀ ọ́n. Dìde, jẹ́ kí n kọ́ ọ bí a ṣe ń yí i padà lórí bẹ́ẹ̀dì.”

Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni Rewájú ń wálé, òun ló sì ń wẹ̀ fún bàbá rẹ̀. Bàbá á pè é ní “ọ̀gá,” Rewájú á sì jẹ́ ẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, bí iyè àgbà bá ń lọ, kì í ṣe agídí, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ìyàwó rẹ̀. Ẹ má bú u. Ẹ má fọwọ́ ara yín dá oògùn ẹnikẹ́ni dúró. Ẹ bi dókítà, ẹ sì bi ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ lójoojúmọ́, kódà bí ẹ bá kàwé jù ú lọ. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.