Ìparí Kàtúùnù Tí Humairah Kò Rí

Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, ẹ̀yin òbí. Bí oníbàárà bá pè yín, ẹ dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ẹ padà wá kà á tán. Ẹni tó máa ń dá nǹkan dúró lágbedeméjì gan-an ni mò ń bá wí.

Àṣíáwù ń ta dòdò lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Ìkirè, níbi táwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí Ifẹ̀ ti máa ń dúró. Ọwọ́ rẹ̀ dùn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rọ̀ jù, tí ẹlòmíì ò ní wò lẹ́ẹ̀mejì, tó bá ti po ata àti iyọ̀ mọ́ ọn, tó dín in nínú epo pupa, tó sì pọ́n ọn sínú ewé, awakọ̀ tó ń sáré á tẹ búrèkì. Humairah, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. Ọmọ náà kì í jókòó sójú kan. Iná wà nílẹ̀, títì wà níwájú. Kí ni kí ìyá ṣe? Ó gbé fóònù lé e lọ́wọ́.

Kì í ṣe ìranù ló gbé sí i fún un o. Kàtúùnù tó ń kọ́ ọmọ níwà ni. Èyí tí Humairah fẹ́ràn jù dá lórí ọ̀kẹ́rẹ́ kékeré kan tó yọ́ wọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ẹlẹ́pà. Ọ̀kẹ́rẹ́ jẹ ẹ̀pà yó, ó ń juwọ́ sáwọn igi, ó ń kọrin. Humairah á máa pàtẹ́wọ́.

Ibẹ̀ gan-an ni ọkọ̀ kan á ti dúró. "Gbé fóònù wá jàre!" Àṣíáwù á já fóònù gbà, nítorí orí fóònù náà ló ti ń rí owó táwọn oníbàárà bá fi ránṣẹ́, á gbáwo dòdò, á sáré lọ. Tó bá dá fóònù padà, ọmọ á tún bẹ̀rẹ̀ kàtúùnù láti ìbẹ̀rẹ̀, ibi tí ẹ̀pà wà.

Soliat, àbúrò Àṣíáwù, tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, kíyè sí i. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kọ́mọ yìí wo nǹkan yìí tán lọ́jọ́ kan. Ìparí ẹ̀ lẹ̀kọ́ máa ń wà."

Àṣíáwù rẹ́rìn-ín. "Soliat, àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí. Tó bá dénú ẹ̀, á di odindi. Ọmọ mi gbọ́n."

Òwe náà dáa, ibi tó ti lò ó ni ò dáa. Ta ló sọ fún un pé ọmọ tó ṣì ń wọ bàtà ọ̀tún sẹ́sẹ̀ òsì ti di ọmọlúwàbí?

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tó kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti Àpòmù dúró. Bí ìṣe rẹ̀, ìyá já fóònù gbà, ó lọ sójú fèrèsé awakọ̀. Humairah rìn lọ sẹ́yìn ọkọ̀. Ó gun táyà, ó wọlé sáàárín ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó jókòó. Awakọ̀ gba dòdò rẹ̀, ó wakọ̀ lọ. Àṣíáwù tún juwọ́ sí i pé ó dàbọ̀.

"Humairah, wá gba fóònù."

Kò sẹ́ni tó dáhùn.

"Humairah! Mo gbé! Ọmọ mi dà?" Wọ́n wá a yíká gbogbo ìsọ̀. Epo ń jó lórí iná, kò sẹ́ni tó rí tiẹ̀ rò. Soliat ló lọgun lójijì pé, "Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ ọlọ́gẹ̀dẹ̀ yẹn!" Wọ́n fò sórí ọ̀kadà, wọ́n gbá tẹ̀ lé e.

Wásinmi ni wọ́n bá a. Ọkọ̀ ti kó sí kòtò, ó ti gbọ́mọ jù sílẹ̀. Humairah wà lórí ẹní lábẹ́ igi, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ti kán. Awakọ̀ káwọ́ lérí, ó ń sunkún, "Ẹ má bínú, ìyá. Mi ò mọ̀ pó wà níbẹ̀."

"Humairah, ta ló ní kó o gun ọkọ̀?"

"Ọ̀kẹ́rẹ́ gùn ún, Màámi. Nǹkan kan ò ṣe é."

"Ìparí ẹ̀ wá ńkọ́?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹ máa ń gba fóònù."

Ọ̀rọ̀ náà gún Àṣíáwù lọ́kàn ju ẹsẹ̀ tó kán lọ, nítorí òun náà ò wo kàtúùnù yẹn tán rí.

Nígbà tí wọ́n ti di ẹsẹ̀ náà nílé ìwòsàn, ó jókòó ti ọmọ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, àwọn méjèèjì sì wo kàtúùnù náà dópin. Ẹ̀pà tán. Ọkọ̀ gbé ọ̀kẹ́rẹ́ dé ìlú tí kò mọ ẹnì kankan, òjò pa á, ó ń pe ìyá rẹ̀, ìyá ò gbọ́.

Humairah nawọ́ sí ojú fóònù. Ó ní, "Màámi, tí mo bá ti rí ibí yìí ni, mi ò ní gùn ún."

Ẹsẹ̀ ti jinná, ṣùgbọ́n Humairah ń tiro títí dòní. Àṣíáwù ṣì ń ta dòdò. Bí ọkọ̀ bá dúró báyìí tí kàtúùnù ń lọ lọ́wọ́, ohùn rẹ̀ le: "Ẹ ní sùúrù, a ò tíì dé òpin." Ẹni tó bá bínú kó máa wakọ̀ ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́ o. Fóònù ò lè báni tọ́mọ. Ẹ jókòó ti ọmọ yín, ẹ wò ó tán, kẹ́ ẹ sì bi í pé kí ló rí kọ́. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ọmọ tó di ọmọlúwàbí, odindi la fi ń kọ́ ọ.