Orúkọ Ìyá Ọkọ Mi

Láti àárọ̀ ni mo ti ń bá kọ̀ǹpútà ilé wa fa wàhálà. Ètò tí ẹ̀rọ etí Màmá, ìyá ọkọ mi, ń lò ti gbó, kọ̀ǹpútà ò sì gba tuntun. Màmá ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ẹnu mi ni wọ́n kàn ń wò.

"Ẹ pe orúkọ olórí ilé," kọ̀ǹpútà ní.

"Màmá."

"Ìyẹn kì í ṣe orúkọ."

Mo tẹ orúkọ wọn gan-an sí i, ó ní òfin tuntun ò gba títẹ̀, àfi ohùn ẹni tó ń fi ètò sí i. Mo pa á, mo tún tan án, ìbéèrè kan náà ni. Ta ló ṣe irú òfin yìí? Ṣé kò níyàwó nílé ni? Àbúrò ọkọ mi tó kéré jù pàápàá, "Akọ̀wé" ni mò ń pè é, áḿbọ̀sì ìyá tó bí wọn!

Màmá fọwọ́ kan etí, omi lé ròrò sí wọn lójú.

Mo kọjú sí ògiri, mo rọra sọ ọ́.

"Ẹ gbóhùn sókè."

Inú bí mi. "Mofíyìnfolúwa Akínwándé!"

Ètò wọlé wẹ́rẹ́. Kọ̀ǹpútà ní òun fẹ́ dán etí wò, ló bá gbé ohùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà sílẹ̀ sí Màmá létí.

Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí wọ́n tó yíjú sí mi.

"Ìyàwó, èmi lò ń jágbe mọ́ báyẹn?"

Ni kọ̀ǹpútà bá dá sí i: "Ṣé ẹ gbọ́ ọ dáadáa, àbí kí n tún gbé e sí i?"