Ilé tí Kọjúsíwèé ń Gbé

Fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n gbáko ni baba kan fi ṣọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ni wọ́n sọ ọ́ ní Kọjúsíwèé, orúkọ náà sì tẹ̀ lé e dé ẹnu ìfẹ̀yìntì. Kò sí màgòmágó tí kò mọ̀. Ó ti bá ìdáhùn nínú ìbọ̀sẹ̀, ó ti bá a lábẹ́ báńdéèjì, ó sì ti bá a nínú irun dídì rí.

Nítorí náà, nígbà tí ìwé ìjọba dé pé onílé tí ó bá ń gbé inú ilé rẹ̀ fúnra rẹ̀ yóò máa san ìdajì owó orí ilé, ṣùgbọ́n pé ilé tí ayálégbé wà nínú rẹ̀ kò ní ìpín nínú ẹ̀dínkù náà, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ó ṣáà ní ilé. Pé ilé ìyá ìyàwó rẹ̀ ní òdìkejì ìlú ni ó ń sùn, ọ̀rọ̀ kékeré ni ó ka ìyẹn sí.

Aránṣọ kan ni ó ń gbé inú ilé náà. Ajẹ́ǹtì ni ó gbé e wọlé, báńkì ni ó sì ń san owó ilé sí. Láàárín ọdún méjì, ẹ̀ẹ̀kan péré ni baba náà ti dé ibẹ̀, ajá dúdú kan sì lé e jáde.

Nígbà tí àbẹ̀wò àwọn òṣìṣẹ́ owó orí ku ọ̀la, ó gbé àwòrán ara rẹ̀ tí ó wà nínú férémù, pẹ̀lú sálúbàtà kan àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, ó kọrí síbẹ̀.

“Láti ìsinsìnyí lọ, àbúrò mi ni ọ́,” ó wí fún aránṣọ. “O kò san owó ilé fún mi rí.”

“Mo ti gbọ́, bàbá.”

“Ẹ̀gbọ́n!”

“Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n.”

Ó fún un ní bébà tí ó kọ ìbéèrè méjìlá àti ìdáhùn wọn sí. “Kọ́ ọ sórí, kí o sì jó o níná. Bébà ni wọ́n máa ń fi í mú ènìyàn.”

Ojú rẹ̀ wá bọ́ sára ẹ̀wù ọkùnrin kan, aláwọ̀ ojú sánmà, tí a fi òwú pupa rán ọrùn rẹ̀, tí ó kọ́ sórí ìṣó nínú pálọ̀.

“Ta ni ó ni èyí?”

“Ọkọ mi ni. Èmi ni mo rán an fún un.”

“Tì í sábẹ́ ibùsùn. Ọkọ náà fúnra rẹ̀ ńkọ́?”

“Ẹnu iṣẹ́ ni yóò wà ní wákàtí yẹn. Ẹ̀gbọ́n, ní ti iṣẹ́ rẹ̀ yìí, ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé…”

“Ṣé mo bi ọ́ ni? Ìbéèrè méjìlá ni mo kọ. Kò sí ìyẹn nínú rẹ̀.”

Aránṣọ ká ẹ̀wù náà, ó tì í sábẹ́ ibùsùn.

Ní ọjọ́ kejì, baba náà tètè dé. Àtẹ̀gùn kejì tí ó ti sán gbé e lulẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó sì fi àwòrán rẹ̀ kọ́ sórí ìṣó ẹ̀wù àná. Ní agogo mẹ́wàá, olùbẹ̀wò dé, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí ó fi fìlà iṣẹ́ bo orí dé ìpéǹpéjú. Ó gbé ẹsẹ̀ ga, ó ré àtẹ̀gùn kejì kọjá. Ibi tí wọ́n ti ń kí ara wọn ni ajá ti já okùn wọlé. Baba náà fò sórí àga. Ajá náà gbóòórùn bàtà olùbẹ̀wò, ó mi ìrù, ó sì dùbúlẹ̀.

“Ajá yín ni, sà?”

“Èmi ni mo tọ́ ọ láti kékeré,” ni Kọjúsíwèé wí láti orí àga.

Olùbẹ̀wò na ọwọ́ sẹ́yìn kọ́tìnì, ó tan iná, ó sì ṣí ìwé rẹ̀.

“Ta ni obìnrin yìí sí yín?”

“Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi.”

“Ọkọ rẹ̀ ńkọ́?”

Ìbéèrè yìí kò sí nínú méjìlá. “Ọkọ wo? Ọ̀lẹ kan ni, ó sá lọ. Bí ẹ bá rí i, ojú rẹ̀ nìkan ti tó láti fi mọ̀ pé kò lè bọ́ adìyẹ. Èmi ni mo ń gbọ́ bùkátà obìnrin náà.”

Ikọ́ gbé aránṣọ. Olùbẹ̀wò rọra ń kọ ọ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn. “Ó ti tó ìgbà wo tí ó ti sá lọ?”

“Ọdún méjì.”

“Ẹ̀yin ni ẹ sì ń sùn ní yàrá yẹn?”

“Lálaalẹ́.”

“Lórí ibùsùn yẹn gan-an?”

“Ibùsùn wo ni kí n tún máa sùn lé?”

“Ẹ jọ̀wọ́, ẹ buwọ́ lù ú. Ẹni tí ó bá purọ́ síbẹ̀, ilé ẹjọ́ ni yóò ti ṣàlàyé.”

Baba náà wọ awò ojú rẹ̀, ó buwọ́ lùwé, ó gba ẹ̀dà kan, ó sì gbóríyìn fún olùbẹ̀wò pé irú òṣìṣẹ́ báyìí ṣọ̀wọ́n.

“Ẹ ṣeun, sà. Ojúlé yìí ni ó kẹ́yìn fún mi lónìí. Ilé ni ó kù.”

Nígbà tí olùbẹ̀wò ti yà ní kọ̀rọ̀, baba náà kó sálúbàtà rẹ̀, òun náà bá ọ̀nà lọ. Ní ìdúró bọ́ọ̀sì, ó yọ ẹ̀dà ìwé náà kí ó lè tún gbádùn rẹ̀, ó sì rí i pé òun ti gbàgbé awò ojú. Ó padà.

Láti ojú fèrèsé ni ó ti rí olùbẹ̀wò lórí àga, nínú ẹ̀wù aláwọ̀ ojú sánmà tí a fi òwú pupa rán ọrùn rẹ̀, tí ajá dúdú gbé orí lé e lẹ́sẹ̀, tí ó wọ awò ojú onílé tí ó sì ń ka ìwé náà sókè, nígbà tí aránṣọ di ikùn mú, tí ó ń fi ẹ̀rín bẹ̀ ẹ́ pé, “Olówó orí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ibi tí ẹ ti sá lọ yẹn kà.”