Ẹ́ńjìnnì Apá Òsì

Ọlágúnjú ṣe mẹkáníìkì ọkọ̀ òfuurufú ní Kàdúná àti Ìlọrin kí ó tó fẹ̀yìntì wá sílé ní Òmù-Àrán. Àràmídé, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní Ìbàdàn, fi kọ̀ǹpútà kan ránṣẹ́ sí i. Géèmù kan wà nínú rẹ̀ tí ènìyàn lè fi wa ọkọ̀ òfuurufú bí ẹni pé lóòótọ́ ni. Ọkọ̀ ìgbàlódé pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n Ọlágúnjú kò wò wọ́n. Ó mú ọkọ̀ àtijọ́ kan tó ní ẹ́ńjìnnì méjì, tí abẹ̀bẹ̀ wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, irú èyí tó fi kọ́ṣẹ́.

Kò fi í sílẹ̀ bó ṣe bá a. Ó pààrọ̀ abẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ó fi táǹkì epo kún un, ó to àwọn mítà iwájú rẹ̀ bó ṣe rántí wọn. Ó ní bí ó bá pé tán, òun yóò gbéra ní Ìlọrin, òun yóò gba orí Òmù-Àrán kọjá, òun yóò yípo Èsìẹ́ lẹ́ẹ̀kan, òun yóò sì padà.

Eunice, ìyàwó rẹ̀, kọ́ni ní ìṣirò ní ilé-ẹ̀kọ́ girama títí tí òun náà fi fẹ̀yìntì. Motún, ọmọ àbúrò rẹ̀, ló ń wá dáná fún àwọn méjèèjì. Ní ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà dé, Eunice wò ó láti ẹnu ọ̀nà yàrá.

"Àgbàlagbà wá ń ṣeré ọmọdé," ó wí, ó sì padà lọ dùbúlẹ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ẹ́ńjìnnì apá òsì kú bí ọkọ̀ ṣe ń gbéra. Ọlágúnjú pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí Eunice fi jáde wá.

"Ìyá Àràmídé, wá wo nǹkan! Epo wà, iná wà, ẹ́ńjìnnì kú!"

Ó yẹ̀ ẹ́ wò títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó ń súfèé. Ó jẹ iyán tán, ó tún bèèrè òmíràn. Ní ọjọ́ kejì ó rí i pé ẹnu táǹkì òsì ló pa dé. Ó ṣí i, ó fi ọkọ̀ náà yí ká Ìlọrin, ó balẹ̀. Ó ní Èsìẹ́ di ọ̀la. Ó wá lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wo títì, kò sì jẹ ìdajì oúnjẹ rẹ̀. Eunice rí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó tẹ̀lé e, nígbà tí ọkọ rẹ̀ ti sùn lọ lórí àga, Eunice jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ojú ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ náà ṣe ṣí sílẹ̀. Nọ́ńbà ló kún ibẹ̀: bí epo ṣe ń ṣàn, bí abẹ̀bẹ̀ ṣe ń yí. Nọ́ńbà kò ṣàjèjì sí i. Ó yí ọ̀kan padà.

Nírọ̀lẹ́, ẹ́ńjìnnì òsì gbóná kọjá ààlà, ó kú. Ọlágúnjú pariwo. Ó sì jẹun tán.

Bó ṣe di àṣà nìyẹn. Bí ọkọ bá tún un ṣe, ìyàwó á bà á jẹ́. Àwọn èyí tó kọ́kọ́ bà jẹ́ rọrùn, kò pẹ́ tí Ọlágúnjú fi ń mú wọn, ìyẹn sì ń bí Eunice nínú. Ó wá ìgò ojú rẹ̀ jáde. Ó ní kí Motún sinmi, òun á máa dáná fúnra òun, torí láti ilé ìdáná ni èèyàn ti ń gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì dáadáa. Ó gun ọ̀kadà lọ sọ́dọ̀ Iyìolúwa, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́ tó ń kọ́ni ní físíìsì, ó bi í bí afẹ́fẹ́ òkè ṣe ń fẹ́lẹ́ tó. Iyìolúwa rò pé ó ń kọ ìwé ni. Eunice kò jiyàn.

"Ẹni tó ṣe ọkọ̀ yìí, ọ̀tá mi ni," Ọlágúnjú wí nídìí oúnjẹ. "Ó gba ọ̀nà epo wá, mo mú un. Àfi tó bá lọ fọwọ́ kan kabúrétọ̀. Ibẹ̀ ló ti máa dá mi."

"Kí ni wọ́n ń pè ní kabúrétọ̀?" Eunice bi í, bí ẹni tí kò kàn.

Ó ṣàlàyé fún un. Ó fi ife àti ṣíbí ṣe àpẹẹrẹ ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ àti epo ń gbà pàdé, kò fi ìkankan pamọ́.

Lọ́jọ́ kejì, kabúrétọ̀ bàjẹ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn tán lórí rẹ̀. Nígbà tí Eunice gbọ́ tó ń bá ẹ́ńjìnnì jà, ó fi aṣọ bo ẹnu rẹ́rìn-ín nílé ìdáná.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́, Àràmídé pè. Ohùn rẹ̀ gba gbogbo pálọ̀.

"Bàámi, ẹ ní ọkọ̀ yín yẹn ń bàjẹ́ ṣáá; ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa lè tì í pa láti ìhín. Kò ní sẹ́ni tó máa lè yí nọ́ńbà kankan mọ́. Ẹ ó dé Èsìẹ́ wẹ́rẹ́."

Ọwọ́ Eunice dúró nínú ọbẹ̀ tó ń rò.

"Jẹ́ n rò ó wò," Ọlágúnjú dáhùn.

"Kí ni wọ́n fẹ́ tì í sí?" Eunice bi í nígbà tó gbé oúnjẹ wá. "Bó bá wá há mọ́ bẹ́ẹ̀ ńkọ́?"

"O ò mọ ẹ̀rọ."

"Òótọ́ ni. N ò mọ̀ ọ́n."

Eunice kò fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ kan oúnjẹ tirẹ̀. Ní òwúrọ̀, ó tún lọ sọ́dọ̀ Iyìolúwa, ó fẹ́ bi í léèrè ohun kan tó kù nípa abẹ̀bẹ̀. Ọlágúnjú dúró lójú fèrèsé títí ọ̀kadà fi yà ní kọ̀rọ̀, ó wá pe ọmọ rẹ̀.

"Má jẹ́ kí wọ́n tì í o, Àràmídé," ó wí, "torí látìgbà tí ìyá rẹ ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, kò sí ohun tó ń gbé e dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, àfi ọjọ́ tí mo fọwọ́ ara mi pa ẹ́ńjìnnì òsì yẹn tí mo sì pariwo, láti ìgbà náà ni mo sì ti ń di ojú lórí àga ní ọ̀sọ̀ọ̀sán kó lè ráyè bà á jẹ́."