Ohùn Tó Dùn Létí Ìbítóyè

Hephzibah na fóònù ọkọ rẹ̀ jìnnà sójú, ó tún nà án jìnnà sí i, síbẹ̀ kò rí àtẹ̀jíṣẹ́ náà kà.

"Kà á fún mi jàre, ohùn rẹ dùn létí mi," ni Ìbítóyè wí, bó ṣe máa ń wí lójoojúmọ́.

Àyà Hephzibah já. Ṣé lẹ́ǹsì tí wọ́n fi sínú ẹyinjú rẹ̀ lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn ti ń bàjẹ́ ni?

Kí wọ́n tó fi í sí i, ó ti kúnlẹ̀ kí òkìtì ọ̀gán kan rí lọ́nà Ayewa, tó rò pé àgbàlagbà ni: "Okun o, bàbá!"

"Ìyá Iṣẹ́olúwa, ọ̀gán ń retí ẹ o!" ni Ìbítóyè fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ títí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú ní Kabba láti yẹ lẹ́ǹsì náà wò.

Dókítà yẹ ojú rẹ̀ wò, ó rẹ́rìn-ín.

"Lẹ́ǹsì yín ò yẹ̀ rárá, mà. Ogójì ọdún tẹ́ ẹ lé ló ń bèèrè awò ìkàwé."

Hephzibah fẹ́rẹ̀ẹ́ jó jáde.

Ní ọ̀ọ̀dẹ̀, Ìbítóyè ń tẹríba fún aṣọ funfun kan tí wọ́n fi kọ́ ara ògiri.

"Okun o, dókítà. Ẹ bá mi tọ́jú ìyàwó mi."

Hephzibah rọra dì í lọ́wọ́ mú, ó fà á wọlé sọ́dọ̀ dókítà.

"Bàbá Iṣẹ́olúwa, ohùn mi ló dùn létí yín, àbí?"