Àwo Olódòdó Inú Kọ́bọ́ọ̀dù

“Bàbá Ọmọ́fẹ́, ẹ kó àwọn àwo yẹn jáde. Kí ọmọ mi máa fi wọ́n jẹun.”

Ọ̀rọ̀ tí Tiwalọlá sọ gbẹ̀yìn fún ọkọ rẹ̀ nìyẹn, lórí bẹ́ẹ̀dì ọsíbítù. Ẹ̀yin òbí, ẹ má fojú fo ìtàn yìí. Ẹ kà á títí dé ìsàlẹ̀. Ó lè jẹ́ pé kọ́bọ́ọ̀dù tiyín náà wà ní títì bí ẹ ṣe ń kà á yìí.

1.

Ọlánípẹ̀kun ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ọṣẹ kan ní Olúyọ̀lé. Tiwalọlá ìyàwó rẹ̀ ń ránṣọ lẹ́yìn ibùdókọ̀ Challenge. Ọdún tí wọ́n fẹ́ra ni wọ́n ra àwo tánganran olódòdó ní Dùgbẹ̀, wọ́n tò ó sínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì, wọ́n tì í. Àwo àlejò ni. Bí pásítọ̀ bá dé, àwo á jáde. Bí ẹbí bá ti Ṣakí dé, àwo á jáde. Bí àlejò bá ti lọ, wọn á fọ̀ ọ́, wọn á nù ún, ó di inú kọ́bọ́ọ̀dù. Tọkọtaya àti Ọmọ́fẹ́, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí, abọ́ rọ́bà ni wọ́n fi ń jẹun.

Ẹ má rò pé ahun ni wọ́n. Ilé tiyín ńkọ́?

Tiwalọlá kú ní ọdún 1994. Àwọn tó wá sin ín fi àwo olódòdó jẹ ìrẹsì. Òun tó rà á kò fi jẹun rí. Nígbà tí èrò lọ tán, Ọlánípẹ̀kun fọ̀ wọ́n, ó nù wọ́n, ó tì wọ́n mọ́lé. Kì í ṣe pé ó gbàgbé ohun tí ìyàwó rẹ̀ sọ. Lójú tirẹ̀, bí ọ̀kan bá fọ́, bí ẹni pé Tiwalọlá tún kú ni.

2.

Nígbà tó di ọdún kejì, kò sẹ́ni tó lè bá Ọmọ́fẹ́ sáré ní kíláàsì rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Àjàgbé, tíṣà wọn, mú un pé òun ni yóò sáré fún ilé-ìwé wọn níbi ìdíje. Nígbà tí ìdíje ku ọ̀la, ọmọ yìí lọ bá tíṣà pé kó fi Fúnlọ́lá, ọmọ kíláàsì wọn, rọ́pò òun. Ni tíṣà bá tẹ̀ lé e délé.

Àlejò dé, kọ́bọ́ọ̀dù ṣí. Ọlánípẹ̀kun bu ìrẹsì àti ẹyin sínú àwo olódòdó fún tíṣà, ó mú abọ́ rọ́bà tirẹ̀. Ọmọ́fẹ́ ha ìsàlẹ̀ ìkòkò tó ti jóná sínú abọ́ kan, ó lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.

“Ọmọ́fẹ́,” tíṣà ní, “Fúnlọ́lá tí ìgbín lè fi sílẹ̀ lójú ọ̀nà lo ní kó bá wa sáré?”

“Ó ní bàtà kánfáàsì tuntun, sà. Òun ló yẹ kí àwọn èèyàn máa wò.”

“Ṣé kánfáàsì ló ń sáré ni?”

“Rárá, sà. Ṣùgbọ́n ibi tí àlejò bá wà, ohun tó dáa là ń gbé síta. Èmi, ti inú ilé ni mí.”

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni sọ pé òjò ń bọ̀, ó sì ń bá ìrẹsì rẹ̀ lọ.

Ọlánípẹ̀kun wo àwo tíṣà. Ó wo abọ́ ọmọ rẹ̀, tí etí rẹ̀ ti ya. Kò sọ fún ọmọ yìí rí pé kò já mọ́ nǹkan. Àwo ló ń bá a sọ ọ́ lójoojúmọ́.

Ó dìde, ó yọ àwo olódòdó kan, ó bu ìrẹsì tó dáa sí i, ó fi ẹyin tirẹ̀ lé e, ó gbé e fún ọmọ.

“Bàbá, ti àlejò nìyẹn.”

“Mo mọ̀.”

“Bó bá fọ́ ńkọ́?”

“A ó gbá a.”

Tíṣà bú sẹ́rìn-ín. “Bàbá Ọmọ́fẹ́, tẹ́ ẹ bá fẹ́ fún èmi ní abọ́ rọ́bà, kò burú. Ẹyin inú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ má yọ.”

Ọmọ́fẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì gbá àwo mú bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ó jẹun títí, kó tó wí pé, “Tíṣà, mo máa sáré.”

3.

Ẹsẹ̀ lásán ló fi sáré. Ipò kejì ló gbà, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì wọ kánfáàsì. Ọlánípẹ̀kun tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ pe orúkọ ọmọ rẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há.

Nígbà tí wọ́n délé, Ọmọ́fẹ́ ń gbé àwo rẹ̀ jó ní pálọ̀. Àwo bọ́, ó fọ́ yángá. Ijó dúró. Ọmọ wo ojú bàbá rẹ̀.

Bàbá rẹ́rìn-ín. Kò tíì rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú.

“Ìyá rẹ á ti gbọ́ ìró yẹn,” ó ní. “Mú ìgbálẹ̀ wá.”

Ẹ̀yin òbí, ìkìlọ̀ mi rèé. Ẹ má kó ohun tó dára pa mọ́ de ẹni tó máa jẹun tán kó lọ, kí ẹ wá fi àkúfọ́ bọ́ ẹni tó ń bá yín gbé. Ọmọ ń wò yín. Bí ẹ ṣe ń ṣe ara yín ló máa ṣe ara tirẹ̀. Bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ la ṣe ń bá a pè é. Bó bá pè é ní páńkárá, ayé á bá a fi kólẹ̀.

Ọlánípẹ̀kun pàápàá kò tíì ṣe é tán. Kò tíì ṣí aṣọ tó da bo ẹ̀rọ ìránṣọ Tiwalọlá. Kò tíì ra bàtà fún ara rẹ̀ dípò èyí tó ti gbó. Kò tíì dé ibojì ìyàwó rẹ̀ lọ sọ fún un pé ọ̀kan nínú àwo ti fọ́. Kò tíì fi àwo olódòdó jẹun fúnra rẹ̀. Kò sì tíì rí ibi tí Ọmọ́fẹ́ gbé abọ́ rọ́bà bàbá rẹ̀ pa mọ́ sí.