Ẹni Tó Bá Láwuyì Gbé Bọ́ọ̀dù

Ìpìlẹ̀ ni ilé fi ń jẹ́ ilé, ṣùgbọ́n táyà ni èyí ní, nítorí ilé tí ọkọ̀ ń fà kiri ni. Àwọn òyìnbó tó la títì ló gbé e jù sẹ́bàá igbó láti ọjọ́ pípẹ́, táyà náà sì ti rì sínú ilẹ̀. Láwuyì káfíńtà àti Mùdáṣírù, igbákejì rẹ̀, ló ń tún inú rẹ̀ ṣe. Wọ́n ti fi bọ́ọ̀dù bo gbogbo ògiri. Ó ku ẹyọ kan ní síìlìn lókè, ilẹ̀ sì ti ń ṣú.

Láwuyì gun àga, ó kó ìṣó há ẹnu, ó fi orí gbé apá kan bọ́ọ̀dù náà bí àwọn káfíńtà ti máa ń ṣe. Apá kejì ṣì wà lórí àpótí nísàlẹ̀. Bọ́ọ̀dù dí i lójú.

"Mùdáṣírù, gbé tìẹ," ó kùn láàárín ìṣó.

Apá kejì gbéra wẹ́rẹ́, ó dúró gbọn-in. Láwuyì kan ìṣó kan, ó kan èkejì. Àfi bí ó ṣe rántí pé òun ò gbọ́ ìró ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ pákó ilẹ̀ ilé náà kì í gba ẹsẹ̀ ológbò láìdún.

Ni ohùn Mùdáṣírù bá ta wọlé láti ìta:

"Bọ̀ọ̀dá Láwuyì, ẹ ní sùúrù o! Omi ni mo ṣì ń pọn. Ẹ má tíì gbé e!"

Láwuyì fẹ́ kígbe, ìṣó kún ẹnu rẹ̀. Ó wo abẹ́ apá kejì: kò sí àga, kò sí ẹsẹ̀ ènìyàn. Òkè ni wọ́n ti dì í mú.

Láti inú òkùnkùn tó wà láàárín bọ́ọ̀dù àti páànù òrùlé, ọwọ́ gígùn kan yọ pẹ̀lẹ́, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ síwájú ẹnu Láwuyì, ó ń dúró de ìṣó.